Ohun tí Ọwọ́ Mẹ́rin Ère Idẹ Ń Sọ: Al-Biruni àti Ẹ̀sìn Àwọn Híńdù

  

Ilẹ̀ Íńdíà kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Àwọn àgbà wa rántí òrùka àti tùràrí tí àwọn kan máa ń kọ lẹ́tà béèrè fún láti ọ̀hún nígbà ayé ìjọba òyìnbó. Àwọn ọmọ wa náà ti wo fíìmù Íńdíà títí tí wọ́n fi mọ orin ibẹ̀ lórí láìgbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀sìn àwọn ará ibẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀: abọ̀rìṣà ni wọ́n, wọ́n ń bọ màlúù, wọ́n sì ń bọ ère ọlọ́wọ́ mẹ́rin àti ère olórí erin. Bí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, a ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Àwa kò rò pé ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Àwọn Híńdù tí à ń sọ yìí ju bílíọ̀nù kan lọ láyé. Àwa Mùsùlùmí pàápàá sì wà lára àwọn tí ó máa ń ráhùn pé àwọn ẹlòmíràn ń sọ ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn wa mọ́ wa. Wọ́n ní òkúta dúdú ni à ń bọ ní Mẹ́kà. Wọ́n ní òṣùpá ni à ń forí balẹ̀ fún. Bí ọ̀rọ̀ báyìí bá ń dùn wá, ó yẹ kí a wo ẹnu tiwa náà wò. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú àwọn òǹkàwé wa lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ Mùsùlùmí kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún wa ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni a ó wá wo àwọn ère idẹ náà fúnra wọn, kí a lè mọ ohun tí àwọn tí ó ni wọ́n sọ pé wọ́n dúró fún.

ÈRE IDẸ KAN NÍ GHAZNAH

Orúkọ onímọ̀ náà ni Abu Rayhan Muhammad ibn Ahmad Al-Biruni. Ọdún 973 ni wọ́n bí i ní Khwarazm, ní agbègbè tí ó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Uzbekistan lónìí. Ògbóǹtarìgì ni nínú ìmọ̀ ìṣirò, ìmọ̀ ìràwọ̀ àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé. Ní ọdún 1017, Sultan Mahmud, ọba Ghaznah, ṣẹ́gun Khwarazm, ó sì kó àwọn onímọ̀ ibẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Afghanistan lónìí. Al-Biruni wà lára wọn.

Mahmud yìí kan náà ni ó gbógun lọ sí Íńdíà léraléra. Ní ọdún 1026 ó dé tẹ́ńpìlì Somnath tí ó wà létí òkun ní Gujarat, ó fọ́ ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, ó sì kó ọrọ̀ rẹ̀. Ìkógun láti Íńdíà kún Ghaznah. Al-Biruni sọ nínú ìwé rẹ̀ pé ère idẹ kan láti ìlú Thanesar, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn, wà nílẹ̀ ní pápá ìsáré ẹṣin ní Ghaznah. Ó ní apá kan nínú òkúta Somnath náà wà ní pápá ọ̀hún, apá kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, tí àwọn ènìyàn fi ń nu ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Ère idẹ kan náà ni gbogbo ìlú ń rí. Ọmọ ogun rí ìkógun. Oníṣòwò rí idẹ tí ó ṣeé yọ́. Al-Biruni nìkan ni ó wádìí títí tí ó fi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: Cakrasvamin ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe Olúwa tí ó ni àgbá kẹ̀kẹ́, ọ̀kan nínú orúkọ Vishnu.

Kí ó tó lè wádìí, ó kọ́ èdè Sanskrit, bí ó tilẹ̀ ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé èdè náà le, ó sì gbòòrò. Ó jókòó ti àwọn àlùfáà wọn, ó ná owó láti fi wá ìwé wọn, ó sì yí díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà padà sí èdè Lárúbáwá. Ní nǹkan bí ọdún 1030, ọdún tí Mahmud kú, ni ó parí ìwé ńlá tí ó kọ nípa Íńdíà. Ó ní Abu Sahl láti Tiflis ni ó rọ òun láti kọ ọ́, nítorí pé àwọn ìwé tí ó wà nílẹ̀ lórí ẹ̀sìn àwọn Híńdù jẹ́ àgbọ́sọ, ẹnìkan ń da ti ẹnìkejì kọ láìṣe ìwádìí. Ohun tí Yorùbá fi pa á lówe pé ìròyìn kò tó àfojúbà ni Al-Biruni fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà.

OHUN TÍ AL-BIRUNI RÍ

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ mú jáde nínú ohun tí ó kọ nípa àwọn ère.

Èkíní: ó ní ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn onímọ̀ Híńdù àti àwọn mẹ̀kúnnù wọn. Àwọn onímọ̀ wọn gbà pé Ọlọ́hun jẹ́ ọ̀kan, kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Ó ní irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ forí balẹ̀ fún ère. Àwọn mẹ̀kúnnù tí kò lè ro ohun tí ojú kò rí ni wọ́n ṣe ère fún.

Èkejì: ó ṣàlàyé pé ìrántí ni ère fi bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà. Wọ́n yà á fún ẹni ńlá tí ó ti kú tàbí tí ó jìnnà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìrántí di ìjọsìn. Kí àwọn Mùsùlùmí tí ó ń ka ìwé rẹ̀ má baà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláìgbọ́n kan lókèèrè ni, ó fi wá ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní bí a bá mú àwòrán Ànọ́bì tàbí ti Mẹ́kà àti Káábà fún ọkùnrin tàbí obìnrin tí kò kàwé, inú rẹ̀ yóò dùn débi pé yóò fi ẹnu kò ó lẹ́nu, yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á, bí ẹni pé ohun náà gan-an ni ó rí. A mọ̀ pé òtítọ́ ni.

Ẹ̀kẹta: ó rí i pé ère kì í ṣe ohun tí ọmọ-ọnà kàn ń ṣe bí ó ti wù ú. Ó ka ìwé Varahamihira, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ujjain tí ó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 500 sí 600, tí ó la òfin sílẹ̀ nípa ìwọ̀n ère kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀. Fún Vishnu nìkan, ìwé náà sọ ohun tí ère ọlọ́wọ́ mẹ́jọ yóò mú dání, èyí tí a ó yọ kúrò bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ mẹ́rin, àti èyí tí yóò kù bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ méjì.

BÍ WỌ́N ṢE Ń KA ÈRE

Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní kéwú mọ èyí dáadáa. Bí ọmọ tí kò tíì mọ álífù bá wo wàláà, ìlà wíwọ́ àti ẹ̀kán tàdáwà ni yóò rí. Wàláà kan náà ni ẹni tí ó ti kàwé yóò gbé, yóò sì ka odidi sūrà. Bẹ́ẹ̀ ni ère idẹ rí lọ́wọ́ àwọn Híńdù. Ìwé ni fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà lára rẹ̀ dà bí háráfì kan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́ púpọ̀ tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Nínú èdè tiwa pàápàá, agbára ni ọwọ́ àti apá. A máa ń sọ pé apá wa ká nǹkan. A máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà lọ́wọ́ ọba, tí kì í ṣe pé ọba gbá a mú ní àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí Yorùbá fi ẹnu sọ ni àwọn wọ̀nyí fi idẹ sọ. Ẹni tí wọ́n gbà pé agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ, tí ó sì ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n ń fún ní ọwọ́ tí ó ju méjì lọ.

Vishnu, tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ayé, sábà máa ń ní ọwọ́ mẹ́rin. Ọ̀kan mú ìkarahun òkun tí wọ́n ń fọn bí fèrè: ìpè ni, ohùn àkọ́kọ́ nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan mú àgbá kẹ̀kẹ́ olójú mímú, ohun ìjà tí ó fi ń gé ibi kúrò. Ọ̀kan mú kùmọ̀, tí í ṣe àṣẹ àti agbára. Ọ̀kan mú òdòdó òṣíbàtà. Òṣíbàtà yìí ni a ó máa bá pàdé lára ère Híńdù káàkiri. Inú ẹrẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, orí omi ni ó ti ń là, ẹrẹ̀ kì í sì í ta sí i lára. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ wọn ni pé ènìyàn lè gbé inú ayé kí ìdọ̀tí ayé má sì bà á jẹ́.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo ère idẹ wọn ni Nataraja, èyí tí í ṣe Shiva gẹ́gẹ́ bí ọba oníjó. Ilẹ̀ àwọn Tamil ní gúúsù Íńdíà ni ó ti gbilẹ̀, láyé àwọn ọba Chola, pàápàá láti ìgbà Ayaba Sembiyan Mahadevi, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá. Ọwọ́ mẹ́rin ni ó ní, ó ń jó nínú òrùka iná. Ọwọ́ ọ̀tún ti òkè mú ìlù kékeré olójú méjì: ohùn ìlù náà ni wọ́n ní ẹ̀dá fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ti òkè mú iná: iná náà ni yóò jẹ gbogbo ohun tí a dá. Ìbẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, òpin wà lọ́wọ́ kejì, ọwọ́ méjèèjì sì dọ́gba. Ọwọ́ ọ̀tún ti ìsàlẹ̀ ṣí àtẹ́lẹwọ́ sí ẹni tí ó ń wò ó, ìyẹn ni pé, má bẹ̀rù. Ọwọ́ òsì ti ìsàlẹ̀ na ìka sí ẹsẹ̀ tí ó gbé sókè: ibẹ̀ ni kí ẹni tí ó ń wá ààbò sá sí.

Ẹsẹ̀ kejì wá ńkọ́? Ẹsẹ̀ náà tẹ aràrá kan mọ́lẹ̀. Àìmọ̀kan ni aràrá yẹn. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò ṣe é bí òkú: ó wà láàyè lábẹ́ ẹsẹ̀, ó gbórí sókè. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí rẹ̀, yóò dìde. Irun oníjó náà fò lọ sọ́tùn-ún sósì, oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wà nínú rẹ̀, àwòrán obìnrin kékeré kan tí í ṣe odò Ganges sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Etí rẹ̀ ọ̀tún wọ yẹtí ọkùnrin, tòsì wọ ti obìnrin, kí ẹni tí ó ń wò ó lè mọ̀ pé akọ àti abo wà nínú rẹ̀. Láàárín gbogbo iná àti ijó yìí, ojú rẹ̀ tutù, ara rẹ̀ balẹ̀.

Ganesha ni olórí erin. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ké pè bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò, òwò, ìkọ́lé tàbí ìwé kíkọ, nítorí wọ́n ní òun ni ó ń mú ìdènà kúrò lọ́nà. Erin tí ó bá gba inú igbó kọjá ti la ọ̀nà fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Etí ńlá rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ń gbọ́ ju bí ó ti ń sọ lọ. Eyín rẹ̀ kan kán: ìtàn wọn ní òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣẹ́ ẹ, tí ó fi ṣe kálámù láti fi kọ ìwé Mahabharata sílẹ̀. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni èkúté kékeré kan máa ń wà, èkúté náà sì ni ẹṣin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ wọn ka èkúté náà sí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọkàn, tí ń jẹ nǹkan run lóru, tí ó yẹ kí ọgbọ́n gùn kí ó sì kó ní ìjánu.

Àwọn obìnrin náà wà nínú wọn. Lakshmi ni ti ọrọ̀. Ó jókòó lórí òṣíbàtà, owó wúrà sì ń dà sílẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Saraswati ni ti ìmọ̀. Òun kò wọ wúrà rẹpẹtẹ, aṣọ funfun ni tirẹ̀. Ó mú ìwé dání, ó mú tẹ̀súbáà, ó sì ń ta veena, ohun èlò orin olókùn. Ẹyẹ funfun kan bíi pẹ́pẹ́yẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní bí a bá da wàrà pọ̀ mọ́ omi, ẹyẹ náà lè mu wàrà kí ó fi omi sílẹ̀. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ ni ó ń yọ òtítọ́ kúrò lára irọ́ bẹ́ẹ̀.

ÌDA, AMỌ̀ ÀTI INÁ

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí ère tó jáde yẹ kí a sọ pẹ̀lú, nítorí pé iṣẹ́ náà kò jìnnà sí tiwa. Ní Swamimalai, lẹ́bàá odò Kaveri ní ilẹ̀ Tamil, ìdílé àwọn ọmọ-ọnà kan ṣì wà títí di òní tí wọ́n ń ṣe é bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe é. Wọ́n á po ìda oyin mọ́ oje igi, wọ́n á fi mọ ère náà. Wọ́n á fi ìmọ̀ ọ̀pá àgbọn tí wọ́n ṣẹ́ léraléra wọn gígùn orí, ọrùn, apá àti ẹsẹ̀. Wọ́n á fi amọ̀ kíkúnná láti inú odò bò ó, lẹ́yìn náà amọ̀ tí ó le, wọ́n á sì fi wáyà dè é. Nígbà tí amọ̀ bá gbẹ, wọ́n á yan án nínú iná, ìda yóò yọ́ jáde láti ojú ihò, àyè ère nìkan ni yóò kù nínú amọ̀. Inú àyè náà ni wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí. Bàbà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú tánńganran, òjé tàbí sínńkì, àti wúrà àti fàdákà bíńtín. Bí ó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà. Nítorí pé amọ̀ ti fọ́, ìda sì ti yọ́ lọ, ère kan kò lè jọ èkejì délẹ̀délẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ púpọ̀ ní agbègbè náà. Ère ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n hú jáde ní Mohenjo-daro ní ọdún 1926, tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá lọ, ti tó nǹkan bí 4,500 ọdún. Ọgbọ́n ìda àti amọ̀ yìí kan náà ni àwọn baba wa lò ní Ilé-Ifẹ̀ láti fi ṣe àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938. A kò sọ pé ọ̀kan kọ́ ọ lọ́wọ́ èkejì. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń yangàn pẹ̀lú idẹ Ifẹ̀ kò lè pe ti Tamil ní iṣẹ́ aláìlọ́gbọ́n.

Ní ọdún 1010, nígbà tí Al-Biruni ṣì wà ní Khwarazm, ni Ọba Rajaraja Kìíní parí tẹ́ńpìlì ńlá Thanjavur. Wọ́n fín in sí ara ògiri rẹ̀ pé ère báyìí ni ọba fún wọn, ère báyìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin Kundavai fún wọn, gíga rẹ̀ nìyí, iye ọwọ́ rẹ̀ nìyí. Òkúta ni ère tí ó wà ní ìyẹ̀wù, tí kì í kúrò lójú kan. Èyí tí a fi idẹ ṣe ni wọ́n ń gbé jáde ní ọjọ́ ọdún, nítorí náà ni ihò fi máa ń wà ní ìdí rẹ̀ fún ọ̀pá tí wọ́n fi ń rù ú. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́dà, wọ́n á fi òdòdó bò ó débi pé ojú rẹ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn ń rí.

Kí àlùfáà tó ṣe ètò ìyàsímímọ́ lé e lórí, idẹ lásán ni wọ́n kà á sí. Lẹ́yìn ètò náà ni wọ́n tó gbà pé ẹni tí wọ́n ń pè ti dé sínú rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ère Ganesha ní Mumbai àti ti Durga ní Kolkata fún ọdún wọn. Bí ọdún bá ti parí, wọ́n á fi ìlù àti orin gbé e lọ sí odò tàbí òkun, wọ́n á sì jẹ́ kí ó yọ́ dànù. Ẹni tí ó bá rò pé amọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní ọlọ́run kò ì tíì rí ìparí ọdún náà.

BÍ ÈRE BÁ KÚRÒ NÍ ILÉ RẸ̀

Nígbà tí ogun dé gúúsù Íńdíà láti Delhi ní ọdún 1311, àti ní àwọn ìgbà mìíràn, àwọn ará tẹ́ńpìlì ri ère idẹ púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó rì wọ́n kú láìsọ ibi tí wọ́n wà. Ní ọdún 1976, alágbàṣe kan ní abúlé Pathur hú Nataraja kan jáde. Àwọn oníṣòwò rà á, ó sì ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan láti Kánádà ti rà á. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ní ọdún 1988 adájọ́ dá tẹ́ńpìlì Pathur láre, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1991, ère náà sì padà sí Íńdíà ní ọdún yẹn. Bákan náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Ọsirélíà ra Nataraja kan ní ọdún 2008 ní owó tí ó ju mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ. Tẹ́ńpìlì kan ní Sripuranthan ni wọ́n ti jí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, olórí ìjọba Ọsirélíà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà.

Àwa tí wọ́n kó idẹ Bìní ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1897 kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹni tí ó fi ère sínú díńgí kí àwọn ènìyàn máa sanwó wò ó, àti ẹni tí ó jù ú sí pápá ẹṣin, àwọn méjèèjì ni kò béèrè ohun tí ó ń sọ.

Ohun mìíràn tún lè ṣẹlẹ̀ sí ère tí ó bá jáde nílé. Ní etíkun Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà, àwòrán àwọn òrìṣà Híńdù tí a tẹ̀ sórí ìwé ti wọ ojúbọ Mámí Wàtá láti ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, nípasẹ̀ àwọn oníṣòwò Íńdíà. Àwọn tí ó gbà á fún un ní orúkọ mìíràn àti ìtumọ̀ mìíràn. Àwòrán ré òkun kọjá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá a wá. Nítorí náà ni ojú lásán kò fi tó fún mímọ ẹ̀sìn ẹlòmíràn: ẹnu àwọn tí ó ni ín ni ìtumọ̀ wà.

IBI TÍ ÀWA DÚRÓ

Àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi wá pé: Ẹ̀yin Àáfà, ṣé ère ni ẹ wá ń polówó fún wa? Rárá o. Ọlọ́hun kan ṣoṣo tí kò ní àfijọ ni à ń sìn. A kì í fi idẹ, igi tàbí òkúta ṣe àpẹẹrẹ Rẹ̀, gbogbo àlàyé tí a ṣe yìí kò sì yí ìdájọ́ ẹ̀sìn wa padà lórí ère. Al-Biruni náà kò yẹsẹ̀ lórí èyí. Ó kọ ohun tí àwọn Híńdù ń sọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ó sì sọ ibi tí kò ti gbà pẹ̀lú wọn.

Ẹlòmíràn lè ní, ṣebí Ànọ́bì fọ́ ère tí ó wà ní Káábà? Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọdún 630. Ilé tí Ànọ́bì Ibrahim kọ́ fún ìjọsìn Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni, àwọn ènìyàn ni wọ́n kó ère wọ inú rẹ̀. Èyí kò sọ ilé gbogbo ẹlòmíràn di ìkógun. Nígbà tí Muhammad ibn al-Qasim ṣẹ́gun Sindh ní ọdún 711 sí 712, ó gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Híńdù, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú ẹ̀sìn wọn. Al-Biruni sọ pé kò fọ́ ère ńlá tí ó wà ní Multan, ṣùgbọ́n kò fi bò pé nítorí owó tí àwọn arìnrìn-àjò ń mú wá ni, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bò pé ó so ẹran màlúù mọ́ ère náà lọ́rùn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òpìtàn tòótọ́ nìyẹn. Kò bu àwọn ará rẹ̀ kù, kò sì pọ́n wọn kọjá bí ó ti yẹ.

Ó tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú Mahmud gan-an ni ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ogun Mahmud ba ọlá ilẹ̀ Íńdíà jẹ́, ó tú àwọn ènìyàn rẹ̀ ká bí eruku. Ó ní àwọn tí ó kù nínú wọn kórìíra àwọn Mùsùlùmí gidigidi, ìmọ̀ wọn sì sá lọ sí Kashmir àti Benares, níbi tí ọwọ́ wa kò tó. Ẹ gbọ́ o! Ohun tí ìkógun mú wá nìyẹn lójú onímọ̀ Mùsùlùmí: ilẹ̀kùn ìmọ̀ tì, ilẹ̀kùn ìpè sí ẹ̀sìn sì tì pẹ̀lú rẹ̀. Àlùkùránì alápọ̀n-ọ́nlé pàápàá, nínú Sūratul An‘ām, kọ̀ fún wa láti máa bú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ké pè, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ bú Ọlọ́hun padà.

Lónìí, ní ìlú Moradabad ní àríwá Íńdíà, ìlú tí wọ́n fi orúkọ Murad ọmọ ọba Shah Jahan pè, iṣẹ́ idẹ ni ọ̀pọ̀ ń jẹ, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọ̀hún. Láti ọwọ́ wọn ni ère Ganesha àti Lakshmi ti ń jáde lọ sí ilé àwọn Híńdù. Ìdájọ́ iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ àwọn àlímì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn tí à ń rò pé ìtàn Mahmud nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀ ti ń bá ara wọn gbé, tí wọ́n ń jẹun nínú òwò kan.

Kò sí agboolé Yorùbá tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò ti jọ ń pín ogún, tí wọn kò jọ ń sin òkú. Bí a kò bá lè fi ìdájọ́ òdodo sọ̀rọ̀ nípa ará Íńdíà tí ó wà lókè òkun, báwo ni a ó ṣe fi sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí ó wà nínú yàrá kejì? Ẹni tí ó bá fẹ́ pe ẹlòmíràn sí ọ̀nà Ọlọ́hun, kí ó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ẹni náà wà. Èyí tí kò bá mọ̀, kí ó béèrè. Èyí tí kò bá rí ẹni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó dákẹ́ lórí rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò, kí Ó sì fún wa ní ẹnu òdodo. Àmín.